Ẹnu Ọ̀nà Kan, Ojúlé Mẹ́ta: Lẹ́tà sí Àbúrò Mi ní Èrìò-Èkìtì

Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á pé ìwọ, oníkẹ́mísìtì ìsọ̀ kejì àti akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti dáwó jọ láti fa íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sí ilé tí Bàbá fi sílẹ̀, mo ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti kọ ọ́ pé gbogbo yín yóò máa lo ráútà kan pẹ̀lú páásíwọọ̀dù kan, ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó bá wà lórí ráútà kan náà dà bí àwọn tí ń sùn ní yàrá kan náà: ẹni tí kò dé igbá rẹ̀ dáadáa, ojú ẹlòmíràn yóò tó ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìwé gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ akọ̀wé. Orúkọ àwọn tí ń ra oògùn àrùn ìkọ̀kọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì ti gbé ẹrù náà kọ́ ọrùn ẹni tí ó kó àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn jọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ráútà mẹ́rin ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀kan yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà, òun ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ wọ̀. Láti ara rẹ̀ ni wáyà mẹ́ta yóò ti jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò tí wọ́n kọ WAN sí lára ráútà ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kì í bọ ihò LAN, nítorí ráútà méjì yóò wá máa pín nọ́mbà àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà kan náà, bí ọba méjì nínú ààfin kan.

Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya àwọn nọ́mbà kan sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé, títí kan àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìtọrọ àyè. Ìdí nìyí tí ráútà mi níhìn-ín àti tìrẹ lọ́hùn-ún fi lè jẹ́ nọ́mbà kan náà láìjà. Nínú ilé kan ṣoṣo ni kò ti gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kí ti ẹnu ọ̀nà jẹ́ 192.168.0, kí tìrẹ jẹ́ 192.168.1, ti oníkẹ́mísìtì 192.168.2, ti ẹgbẹ́ 192.168.3, wọn yóò sì máa ṣàn bí omi gbígbóná àti omi tútù Ìkógòsì, tí ó pàdé síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ṣì mọ èwo ni èwo.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ìwọ onílé pàápàá. Mo mọ̀ pé yóò wù ọ́ láti fi ráútà kan pamọ́, kí o so kọ̀ǹpútà tìrẹ mọ́ ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹni tí ó sùn ní ìloro kò lè wọ yàrá àwọn tí ó tilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò gbà jáde. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ilé iṣẹ́ kan níhìn-ín, níbi tí kọ̀ǹpútà tiwa ti wà lórí ráútà ẹnu ọ̀nà: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọ́fíìsì inú kàn tẹ nọ́mbà kan ni, àpótí ìwé wa ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú rẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ọ̀rọ̀ ìloro ṣeré mọ́.

Ẹ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù tí ó bá àwọn ráútà náà dé láti ilé ìtajà. Ẹ lẹ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ráútà rẹ̀, kí o ya wọ́n ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni tó ki wáyà bọ ihò. Owó ráútà kẹrin ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi kí oṣù yìí tó parí.



Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.