Bẹ́líìtì wo ni kí Ẹ̀gbọ́n rà?

"Yorùbá lẹ lọ kà ní yunifásítì? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde mọ orin yẹn dáadáa. Ní sáà yìí, ohun tí a fi ṣe ni pé a ṣàlàyé bẹ́líìtì ọkọ̀ orí yìnyín fún ìyá ọ̀kan nínú wa. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀mí sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa yìí ń ṣiṣẹ́ ní apá àríwá Ontario, ní Kánádà. Wọ́n ń gbé oúnjẹ àti epo kọjá adágún lọ fún àwọn apẹja. Argo onítáyà mẹ́jọ, àlòkù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Ontario yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe Argo láti ọdún 1967. Ikùn ọkọ̀ náà dà bí ọpọ́n, ó ń léfòó, táyà rẹ̀ ló sì fi ń wa omi bí ẹni ń fi àjẹ̀ wakọ̀. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti jìn kọjá orúnkún, táyà nìkan kò tó mọ́. Bẹ́líìtì gbọọrọ ni wọ́n máa ń fi yí táyà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ká, bíi ti katakata tó ń la ọ̀nà. Ó wọ́n púpọ̀. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ránṣẹ́ sílé pé owó òrùlé tí àwọn ṣèlérí kò ní lè dé lọ́dún yìí.

Màmá, tí wọ́n ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá fi Yorùbá sọ ohun tó ń jẹ owó òrùlé fún àwọn.

Orúkọ la kọ́kọ́ bá jà. Ṣéènì ni ọ̀pọ̀ ń pe ti katakata nílé wa. Àmọ́ Argo ní ṣéènì gidi nínú ikùn, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Bẹ́líìtì tó bá fẹ̀ gan-an máa ń ni ṣéènì inú yẹn lára nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, nítorí kò ní ọ̀nà mìíràn láti yí ju kí ẹ̀gbẹ́ kan falẹ̀ kí èkejì máa sáré. Bí a bá pe méjèèjì ní ṣéènì, báwo ni Màmá yóò ṣe mọ èyí tó ń fa wàhálà fún èkejì? A fẹnu kò sí bẹ́líìtì.

Màmá béèrè pé kí ló dé tí fífẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

"Màmá, bí ẹ bá fẹ́ gba orí ẹrẹ̀ kọjá, kí lẹ máa ṣe?"

"Ma tẹ́ pákó."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ àti ẹrù wọn kìlógíráàmù 720. Bí bẹ́líìtì méjì bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí gígùn 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kanlẹ̀, gíráàmù 60 ni yóò máa tẹ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Bí wọ́n bá fẹ̀ ní 45, yóò di 40. Ènìyàn oníkìlógíráàmù 70 tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ń tẹ ilẹ̀ ju 300 lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè kọjá níbi tí awakọ̀ yóò rì sí bó bá sọ̀ kalẹ̀.

Yìnyín tuntun, tó fúyẹ́ bí ẹ̀lùbọ́, ń fẹ́ bẹ́líìtì fífẹ̀. Bí ikùn ọkọ̀ bá lọ jókòó lé e, bẹ́líìtì á kàn máa wa ihò lásán ni. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò nílò ìyẹn. Tóóró tó o, ó sì rọrùn láti yí.

"Ṣé kò lè dúró kí yìnyín yọ́ ni?"

A sọ ìtàn Valcourt fún wọn, ní Québec. Nígbà òtútù ọdún 1934, àìsàn inú kọlu Yvon, ọmọ ọdún méjì tí Joseph-Armand Bombardier bí. Yìnyín ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mẹkáníìkì ni bàbá náà, ó ti ń gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ orí yìnyín, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé lò. Ọmọ náà kú. Ní 1937, bàbá yìí gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń fà á. Àwọn dókítà wà lára àwọn tó ra ọkọ̀ rẹ̀.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò: "Bí omi dídì yẹn bá wá já lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

A tún ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìbéèrè gidi ni. Yìnyín jíjìn dà bíi kúbùsù lórí adágún, kì í jẹ́ kí omi abẹ́ rẹ̀ dì dáadáa. Argo á léfòó lóòótọ́, eyín bẹ́líìtì á sì rí etí omi dídì gbá mú ju táyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ni bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, ẹrù tí ọkọ̀ sì lè gbé lórí omi kò tó èyí tó lè gbé lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé bẹ́líìtì fífẹ̀ wọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ẹrù.

Ìdájọ́ Màmá kò gùn: "Kó ra èyí tó fẹ̀. Ẹrù tó bá ṣẹ́kù, kó padà wá gbé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ti rà á. Ìrìn méjì ni wọ́n ń rìn báyìí dípò ẹyọ kan. Tapólì ni Màmá fi bo ibi tó ń jò, kí òjò tó dé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá ní orúkọ tó dára ju bẹ́líìtì lọ, tí kò ní da ti inú pọ̀ mọ́ ti ìta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí wa.