Káàdì Tí Ó Wà Nínú Àpótí Àlájà

Ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, èyí tí èmi àti àwọn ará ilé mi rìn láti Ìlaró dé Kétu nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù, bí ọkọ̀ kò bá dá a dúró, yóò jẹun ọ̀sán ní Kétu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 17 ni ó gba àwa láti ìgbà tí a ti di ẹrù títí di ìgbà tí a gúnlẹ̀, ohun tí ó sì fà á ni ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ní ilẹ̀ Yewa, a kì í ka Kétu sí ìdálẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ni a sì ń fi ọmọ fún ọkọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó lọ́hùn-ún náà ni à ń jó níhìn-ín. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò ní Yúróòpù, tí wọ́n fa ìlà sórí ìwé, tí Ìlaró àti Ayétòrò fi bọ́ sí apá kan, tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́ bọ́ sí apá kejì. Ẹ lọ wo Ìlara, lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ: àgbẹ̀ lè sùn ní Nàìjíríà kí oko rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Benin, tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975.

Ọmọ Ayétòrò ni ìyá mi. Àlájà ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ti di ẹni ọdún 75 nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ti lọ sí ilé ọkọ ní Kétu láti ìgbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ ọmọdé. Màmá Kétu ni àwa ọmọ ń pe ìyẹn. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń rí ara wọn, àfi ìgbà tí ìjọba wa ti àwọn ẹnu bodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì. Kí á tó sọ pé a ó ṣí i lónìí, a ó ṣí i lọ́la, àrùn Kòrónà dé. Ẹ ó rántí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ Diamond Princess, tí wọ́n dá dúró sí èbúté Yokohama ní Japan nínú oṣù kejì ọdún 2020 pẹ̀lú èrò tí ó lé ní 3,700 nínú rẹ̀, tí àrùn náà sì mú èyí tí ó ju 700 lọ nínú wọn. Ní àkókò àrùn náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú a máa sanwó kí wọ́n tó ti ọ̀pá òwú bọ̀ ọ́ nímú láti fi dán ara rẹ̀ wò. Ní tiwa, wọ́n ṣí ẹnu bodè Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n Ìdìrókò wà ní títì títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọdún mẹ́ta ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò fi ojú kan ara wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn, Àlájà á sì máa pariwo bí ẹni pé òun fẹ́ kí ohùn òun fẹsẹ̀ rìn dé Kétu.

Nígbà tí àwọn ọmọ Màmá Kétu wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ṣílé ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, tí wọ́n sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí pé ara ìyá àwọn kò le mọ́, a kò tún bi ẹnikẹ́ni. Àwa mẹ́fà ni a ó lọ: Àlájà, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì tí wọ́n ti tó ilé ìwé, àti ọmọ ọwọ́ oṣù méje tí Màmá Kétu kò tíì rí rí.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni a di ẹrù. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá awakọ̀ ní gáréèjì láti sanwó ọkọ̀. Ìgbà náà ni ó bi mí pé, “Bàbá, ẹ ní yẹ́lò káàdì?” Mo ní èmi kì í ṣe ẹni tí ń lọ sí London. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí ó wà nínú àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, tí ó fún wa láyè láti máa wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ni pé kí ènìyàn ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ìlera. Ìwé ẹ̀rí ìlera yẹn ni yẹ́lò káàdì, èyí tí ó ń fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Mo ti kọjá ní bodè yẹn bí ìgbà ogún rí, n kò sì mọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fara ti ògiri gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó ní, “Bàbá, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ ka orúkọ wọn fún mi. Kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà tán, mo ti mú káàdì mẹ́fà bọ̀, òǹtẹ̀ á sì wà lára gbogbo wọn.” N kò ní purọ́ fún yín, mo ti ki ọwọ́ bọ àpò. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ pe ìyàwó mi láti bi í léèrè bí a ṣe kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ìrìnnà wọn ni. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Baálé mi, ṣé ẹ̀fọn mọ̀wé kà ni?” Bí mo ṣe yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò nìyẹn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni a dé ọ̀dọ̀ àwọn Port Health, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń mójú tó ọ̀rọ̀ àìsàn ní bodè àti ní èbúté. Wọ́n ti ń jẹ ìṣílé náà tán ní Kétu nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì tí ó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní kí a jókòó kí èrò pọ̀ díẹ̀, nítorí ìgò abẹ́rẹ́ náà ń tó ènìyàn mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Àwa àti àwọn oníṣòwò aṣọ kan ni a jọ ń dúró, nọ́ọ̀sì sì ń sọ̀rọ̀ fún wa bí olùkọ́ níwájú kíláàsì.

Ó ní ẹ̀fọn tí ń ṣán ènìyàn lójú mọmọ ni ó ń gbé ibà náà kiri, àwọn ọ̀bọ inú igbó a sì máa ní in. Kò sí oògùn tí ń pa á bí ó bá ti wọ ara. Ìtọ́jú ni a kàn lè ṣe. Àwọn tí ó bá pọ́n lójú, tí ó sì le fún, ìdajì wọn ni í kú. Ó ní kí a má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, nítorí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ó tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, lára ọmọbìnrin kékeré kan, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé ìpínlẹ̀ púpọ̀.

Nígbà tí mo padà délé ni mo wá ka ìtàn abẹ́rẹ́ náà, mo sì rí i pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ó ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà kọ́ ibi ìwádìí sí Yábàá ní Èkó nítorí ibà yìí. Ní ọdún 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana, inú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí kòkòrò àrùn náà. Ara Asibi yá. Dókítà Adrian Stokes tí ń ṣe ìwádìí náà ni ibà pa ní Èkó ní ọdún yẹn gan-an. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó pa Noguchi, ará Japan, àti Young ní Accra. Láti ara kòkòrò tí ó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1937, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 1951. Òun náà ni wọ́n gún èmi lápá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n gún èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì. Àwọn ọmọ ti gbà á nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́sàn-án, nítorí ó ti wà lára àjẹsára àwọn ìkókó ní Nàìjíríà láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n èkúté ti jẹ káàdì ìkókó wọn, nọ́ọ̀sì sì ní bí wọ́n bá tún gbà á, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Ìgbà tí ó kan ọmọ ọwọ́ ni ọ̀ràn dé. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, àfi bí àjàkálẹ̀ bá ń jà, nígbà yẹn pàápàá ó gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà. Ìyàwó mi wo ojú ọmọ, ó wo ojú mi, ó ní òun àti ọmọ yóò dúró sílé. N kò lè jiyàn.

Ti Àlájà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ó bá ti kọjá 60 ọdún, tí kò gba abẹ́rẹ́ náà rí, ó lè gbòdì lára rẹ̀, àti pé dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sọ bóyá kí wọ́n gún un tàbí kí wọ́n fún un ní lẹ́tà pé ara rẹ̀ kò gbà á. Àlájà bínú gidigidi. Ó ní ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni à ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tiwa. Ó ní kí ni a tilẹ̀ ń wá ní Ìdìrókò, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ń gba Ìmẹ̀kọ kọjá lọ sí Kétu lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé ẹ̀fọn ṣán wọn tàbí kò ṣán wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní n kò ní gbé ìyá mi sẹ́yìn ọ̀kadà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bí àpò fàyàwọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ yàrá lọ, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì mú ìdì kékeré kan jáde láti abẹ́ àwọn ìró rẹ̀. Káàdì ni, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí ó ti ṣá di àwọ̀ ilẹ̀. Ọdún 1978 ni, ọdún tí òun àti bàbá mi lọ sí Mẹ́kà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gún un wà níbẹ̀, nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àti òǹtẹ̀ sì hàn ketekete. Inú mi dùn títí mo fi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ọdún mẹ́wàá ni agbára rẹ̀. Mo ní, “Àlájà, káàdì yín ti kú láti ọdún 1988.” Kò dá mi lóhùn. Ó dì í padà sínú aṣọ, ó sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní òwúrọ̀, ó ní kí n gbé òun lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Mo lọ nítorí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì gba káàdì, ó gbé e síwájú iná, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Ọ̀gá náà ní, “Bàbá, káàdì Màmá kò kú o. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016, gbogbo ayé ti fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ yìí, títí ayé ni, ti àtijọ́ àti ti tuntun.” Ó kọ ọ́ sínú káàdì tuntun fún un, irú èyí tí Nàìjíríà ń lò láti ọdún 2019, tí ó ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà. Àlájà kò wo ojú mi títí a fi délé.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí káàdì ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ kò tíì ní agbára àfi bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé. Àlájà nìkan ni ó lè lọ lọ́jọ́ náà, ó sì ń fi èyí yọ wá lẹ́nu lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, a gba Ọwọ́dé dé Ìdìrókò. Iye okùn tí wọ́n nà sójú ọ̀nà kí a tó débẹ̀, mo ka a títí ó fi sú mi. N kò ní sọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ní ẹnu bodè, wọ́n gba káàdì wa, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìrònú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìṣẹ́jú méjì! Ní Ìgòlò, a ṣẹ́ náírà sí owó Sẹ́fà, àwọn ọmọ sì ra búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi ń na ara wọn nínú ọkọ̀. A kọjá ní Sàkẹ́tẹ́, a dé Pọ́bẹ̀ níbi tí àwọn Faransé kọ́ ibi ìwádìí ọ̀pẹ sí, ọ̀pẹ sì tò lọ bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí pápá. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ń pọ́n sí i títí a fi rí Kétu, ìlú tí Dàhòmì fọ́ ní ọdún 1886 tí ó tún dìde. Mo fi Àkàbà Ìdẹ̀nà han àwọn ọmọ, ẹnubodè àtijọ́ tí kò béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ọ̀tá wọlé wẹ́rẹ́.

Màmá Kétu wà lórí ẹní. Ó ti gbẹ púpọ̀. Àlájà kò kí i. Ó kàn jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, àwọn méjèèjì kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fi fóònù pe ìyàwó mi, mo sì fi ojú ọmọ ọwọ́ han ìyá arúgbó náà. Ó fi ìka kan gíláàsì fóònù náà níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Àlájà ń ròyìn káàdì rẹ̀ fún gbogbo ilé, ó sì ń fi èmi ṣẹ̀sín. Màmá Kétu ní kí ó gbé apá rẹ̀ wá. Ó tọ́ka sí àpá róbótó kan níbẹ̀, ti bupá ṣànpọ̀nná tí wolé-wolé bù fún un ní Ayétòrò. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun sá wọ inú oko lọ, tí wọ́n wá òun títí tí wọn kò rí òun. Ó ká apá aṣọ ara rẹ̀ sókè. Àpá wà níbẹ̀, ó tóbi ju ti Àlájà lọ dáadáa. Ó ní, “Ìyàwó tuntun ni mo jẹ́ níhìn-ín nígbà tí àwọn Faransé mú mi. Mo sá fún Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ Faransé ni mo bọ́ sí, tiwọn sì dun mí jù!” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Màmá Kétu fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí Àlájà sì dìde lọ bu omi fún un.