Irin Tí Mo Fi Yí Ilé Mi Ká

Ìgbà tí olè gbé bátìrì ọkọ̀ mi lọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo gbà pé ilé wa lọ́nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn, gbọ́dọ̀ ní ọgbà. Ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Wẹ́dà dé, ó wọn ilẹ̀ tán, ó ní: "Bàbá, ṣé kí n fi ṣíìtì irin dí i pa fún yín ni, àbí ẹ fẹ́ ọ̀pá irin tí èèyàn lè rí ìta láàárín rẹ̀?"

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn baba wa mọ odi dáadáa. Odi àti yàrà tí wọ́n ń pè ní Ẹrẹdò Súngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, láti ìsàlẹ̀ yàrà rẹ̀ dé orí odi sì ga tó 20 mítà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ni odi bẹ́ẹ̀ yí ká. Nínú agboolé tí wọ́n bí mi sí, ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Ẹni tí ò bá jáde láàárọ̀, wọ́n á wá a lọ. Ládùúgbò wa yìí, ta ni yóò wá ẹnikẹ́ni lọ?

Ìyá àgbà kan ń dá gbé lódìkejì títì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn ní ìdájí. Ojú fèrèsé ni mo wà tí mo fi rí wọn. Ká ní ṣíìtì ló wà láàárín wa ńkọ́? Ọ̀pá irin ni mo ní kí wẹ́dà fi ṣe é.

Mo jókòó ti ọmọṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń fi òòlù kékeré ṣán èérún iná kúrò lójú ibi tó jó pọ̀, tó fi sáńpépà nù ún, kó tó fi ọ̀dà pupa kùn ún. Lẹ́yìn náà ló lu ihò sí ìsàlẹ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan. "Omi òjò gbọ́dọ̀ ríbi jáde, bàbá. Inú ni ìpáàrà ti ń jẹ irin."

Òpó géètì ló kó wa sí wàhálà. Wọ́n da kọnkéré rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé géètì kọ́ ọ lọ́jọ́rú, èmi náà sì ń kánjú, mo gbà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òpó fi yẹ̀, tí géètì ń ha ilẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 28 ni kọnkéré fi ń le dáadáa. A wó o, a tún un dà, à ń bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ náà fi pé. Láti ìgbà náà, kò yẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ṣíìtì dí tiyín pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wẹ́dà gé ojú kékeré sí i, níbi tí ojú èèyàn dé, kó sì fi ọ̀pá irin há a. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.