Ọ̀rọ̀ tí kò ní Àmì Ohùn

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, mo rò pé iṣẹ́ tí kò le rárá ni ṣíṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé, bí a bá ti mọ ibi tí áńtíbọ́dì, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ti ń di kòkòrò mú, kí a ṣe irú ibẹ̀ nìkan, kí a sì fi gún ènìyàn. Ó parí!

Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó kọ “ogun” sí ojú pátákó láìfi àmì sí i, ó ní kí n kà á. Mo pè é ní “ogún”. Ẹnìkejì mi pè é ní “ogun”, ẹnìkẹta sì ní “Ògún” ni. Olùkọ́ ní, “Lẹ́tà kan náà ni gbogbo yín rí. Pẹ́pítáìdì tí o fẹ́ ṣe náà nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi títí mo fi ka ìtàn RSV, fáírọ́ọ̀sì tí ń dí èémí mọ́ ọmọ ọwọ́ ní àyà. Purotéènì kan tí à ń pè ní F ni ó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa. Ní 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé áńtíbọ́dì motavizumab lè di pẹ́pítáìdì kan mú, okùn kúkúrú tí a ṣe ní àwòṣe apá kan F, tí ó ní ámínò ásíìdì 24. Ṣùgbọ́n ìdìmú náà kò lágbára tó ti odindi F rárá. Lára F, àwọn ìyókù ni ó di okùn náà mú bí ó ti ká kò. Nígbà tí ó bá dá wà, yíyọ̀ ni ó ń yọ̀ kiri. Lẹ́tà pé, àmì ohùn kò sí.

Odindi F pàápàá ní ìrísí méjì. Kí ó tó wọlé, ó ká jọ. Bí ó bá ti na ara rẹ̀ tán, kò lè padà mọ́. Láàárín 1966 sí 1967, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi fọ́málíìn pa RSV, wọ́n sì fi gún àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn pèsè áńtíbọ́dì, ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: díẹ̀ ni ó lè dá kòkòrò dúró. Nígbà tí RSV dé, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà di èrò ilé ìwòsàn, méjì sì kú. Ìrísí nìkan kọ́ ni ó fa ewu náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni a rí i pé F tí ó ti nà tán ni ó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ náà.

Ní 2013, McLellan, Graham, Kwong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ibi tí àwọn áńtíbọ́dì tó lágbára jù ń dì mú wà ní ṣóńṣó F, kìkì nígbà tí ó bá ṣì ká jọ. Wọ́n pààrọ̀ ámínò ásíìdì díẹ̀, wọ́n so F pọ̀ kí ó má baà lè nà. Ní 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àwọn abẹ́rẹ́ tí a gbé ka irú F báyìí, fún àgbàlagbà àti aboyún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo bá fẹ́ wí pé “ó parí”, ọmọ méjì wọ̀nyí ni mo ń rántí. Èmi sì kì í kọ “ogun” láìfi àmì sí i mọ́.