OWÓ ILÉ LÓ GBÉ MI DÉ AMẸ́RÍKÀ

Bí mo bá ní mo wọ bàálù dé Amẹ́ríkà, ẹ ó gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní owó ilé tí ọmọ mi ń san fún onílé rẹ̀ ló di tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi, ẹ ó ní àgbà ti ń da bàbá yìí láàmú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Oṣù kẹwàá 2023 ni mo lọ wo ọmọ-ọmọ mi ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí kò jìnnà sí Washington. Bàálù United ni mo wọ̀ ní Ìkẹjà. Oṣù kọkànlá 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fò tààrà láàárín Washington àti Èkó. Dulles, ní Virginia, la balẹ̀ sí. Ọmọ mi obìnrin ti ń dúró dè mí. Mo rò pé mọ́tò la máa wọ̀, ó ní mọ́tò òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, rélùwéè ni. Rélùwéè ọ̀hún kò tíì pé ọdún kan tó dé pápá bàálù yẹn nígbà náà, oṣù kọkànlá 2022 ni wọ́n ṣí i. A wọ èyí tí wọ́n ń pè ní Silver, a sọ̀ ní L'Enfant Plaza, a bọ́ sínú Green, ó gbé wa dé Hyattsville Crossing. Ewé igi ti ń pọ́n lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún.

Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti bi í pé, "Èló lo ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí, ìwọ ọmọ yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, owó ilé ló gbé yín wá o."

Àyà mi já. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní kò sanwó ilé mọ́ nìyẹn, wọ́n á ti òun àti ọmọ ọwọ́ síta nítorí tèmi!

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló mú bíírò àti ìwé, tó ṣàlàyé. Káàdì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwa fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ. Owó tiyín kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Báńkì ló ń bá yín sanwó, tó bá di ìparí oṣù, wọ́n á fi ìwé gbèsè ránṣẹ́. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, kò sí èlé. Àwìn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́jà tó bá gba káàdì ń san bíi dọ́là méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, inú rẹ̀ ni báńkì ti ń bù fún ẹni tó rajà, tí wọ́n ń pè é ní pọ́íǹtì. Onílé ní tirẹ̀ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bu owó rẹ̀ jẹ. (Onílé Amẹ́ríkà àti onílé Mushin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.) Ayálégbé tó bá fẹ́ lo káàdì ni yóò san owó ọ̀hún fúnra rẹ̀, fún àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń gbowó lórí káàdì, tí wọ́n á wá kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí onílé.

Ọmọ mi ń san 1,800 dọ́là lóṣù. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ń gba 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn dọ́là 52 àti sẹ́ǹtì 20. Pọ́íǹtì tó rí níbẹ̀ jẹ́ 1,800. Tí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sẹ́ǹtì kan, dọ́là 18 ni. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? O fi méjìléláàádọ́ta ra méjìdínlógún?"

Ó ní, "Dádì, ẹ ní sùúrù." Báńkì ti ṣèlérí 60,000 pọ́íǹtì fún ẹni tó bá fi káàdì tuntun ná 4,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta. Oúnjẹ àti epo mọ́tò rẹ̀ kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Owó ilé oṣù mẹ́ta, 5,400, ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ná an ní dọ́là 156 àti sẹ́ǹtì 60, pọ́íǹtì 65,400 sì wọlé. Ó pa káàdì yẹn tì, ó bọ́ sórí ti Bilt, tí àwọn àti báńkì Wells Fargo gbé jáde ní oṣù kẹta 2022. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀ lórí owó ilé nígbà náà, dọ́là kan pọ́íǹtì kan, bí èèyàn bá ṣáà ti lò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún lóṣù. Oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ 16,200. Ẹ ro ó pọ̀, 81,600. Ohun tó ń rà ní ìsọ̀ ló fi dí ìyókù, ó kó gbogbo rẹ̀ fún United. Owó orí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló fi owó gidi san.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì sáré o. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ ní oṣù kẹfà 2024 pé báńkì náà ń pàdánù tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lóṣù lórí káàdì yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026 wọ́n pínyà, òfin káàdì sì yí padà. Ẹni tó bá ń ka èyí ní Maryland tàbí Houston, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lónìí.

ÒṢÓMÀÁLÓ INÚ BÁŃKÌ

Baba tó bí mi, òṣómàáló ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Á gbé aṣọ káàkiri abúlé, á tà á láwìn. Tí ọjọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tó bá gbowó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwìn fi ń bà mí lẹ́rù. Mo bi ọmọ mi pé àwọn tibí ńkọ́, ibo ni wọ́n ń lóṣòó sí? Ó ní wọn kì í lóṣòó, èlé ni wọ́n ń kà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fojú ara mi rí i. Arákùnrin kan ń gbé òkè ilé yẹn, ọmọ Ìbàdàn, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe lóru. Ó máa ń wá kí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òun náà gbọ́ pé owó ilé ń di bàálù, ló bá ń fi káàdì san. Oṣù tí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kò rówó dá padà. Ó san díẹ̀, ó tún fi káàdì san ti oṣù tó tẹ̀ lé e. Èlé tiẹ̀ jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ ṣe é lórí 1,800 ti ọmọ mi: dọ́là 36 ni èlé oṣù kan ṣoṣo, ìlọ́po méjì ohun tí pọ́íǹtì rẹ̀ tó. Bí gbèsè bá sì fi ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá àsìkò, wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ayánilówó ń yẹ̀ wò, ọdún méje ni yóò fi wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ó ti jẹ wọ́n ní ohun tó lé ní 9,000 dọ́là. Pọ́íǹtì rẹ̀ ti tó tíkẹ́ẹ̀tì ilé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì ti pa káàdì náà, wọ́n sì fagi lé pọ́íǹtì pẹ̀lú. Oṣù yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ kú. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í, a jọ ń wo ìsìnkú lórí fóònù. Ó ń bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó gbé fóònù sókè díẹ̀, kí òun lè rí ojú ìyá òun. Ibẹ̀ ni fóònù já sí. Kò pè padà. Ó kàn di fóònù náà mú.

Lálẹ́, mo ní kí ọmọ mi kó ìwé báńkì rẹ̀ wá. Kò bínú. Ó ní owó ilé gbọ́dọ̀ wà lápò òun kí òun tó fọwọ́ kan káàdì. Mo kà á ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n kọ èlé sí, òdo, òdo, òdo. Mo tó wá sùn.

NÍ ÈKÓ TIWA

Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Nígbà tí mo darí dé, tí mò ń wá ilé sí Agége, ọdún méjì ni wọ́n ní kí n gbé wá, owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀, ti àdéhùn lọ́tọ̀. Ọmọ mi tẹ̀ mí láago, ó ní, "Dádì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba káàdì."

Mo kúkú bi onílé ọ̀hún. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá báyìí?"