Àlejò Ọjọ́ Iléyá

Ní ọdún 1968 ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Corps de la Paix kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ti Bassila wá ṣe Iléyá ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Manigri.

Wọ́n ní kó jókòó, pé àlejò kì í ṣiṣẹ́. Mo rí i pé àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ìyá àgbà bá gbé ọmọ odó fún un. Ó gúnyán títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pín ẹran àgbò sí mẹ́ta: ti ilé, ti ará àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Òun ló gbé ti aláìní kiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá gba àlejò, ẹ fún un níṣẹ́. Ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́ ọdún ti di ọmọ ilé.