Kí Lo Fẹ́ Mọ̀?

Ní Ìyànà Ìpájà, tí o bá sọ pé báyọ́lọ́jì lo kà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni, "Ṣé o máa wá di dókítà ni?" Màmá mi kì í bi mí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tiwọn le ju ìyẹn lọ: "Ìwé míì tí o tún fẹ́ lọ kà yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi sì fẹ́ ṣe WAEC. Ìdánwò GRE nìkan, owó ńlá ni. Kí n tó fọwọ́ kan owó tí mo tọ́jú nígbà tí mò ń ṣe àgùnbánirọ̀, mo jókòó ti ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka báyọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà ò béèrè GRE mọ́. Lọ́hùn-ún, èèyàn lè ti oyè àkọ́kọ́ bọ́ sí Ph.D. tààrà. Ilé ìwé ló sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á tún máa fún un lówó tí á fi jẹun, torí pé á máa ṣe ìwádìí, á sì máa kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Másítà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi owó ara wọn kà. Báyìí ni owó WAEC ṣe yè.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé yẹn náà, ìbéèrè màmá mi ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ wádìí. "Mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láti kékeré" ò lè dáhùn ìyẹn. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀?

Inú gọ́tà àdúgbò wa ni mo ti rí ìdáhùn. Wọ́n kọ́ wa pé omi tó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí, ni ẹ̀fọn Anopheles tó ń gbé ibà kiri máa ń yé sí. Pé Culex ló ni omi ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí kọ ọ́ jáde pé àwọn rí ìdin Anopheles nínú omi ìdọ̀tí níbí, l'Èkó. Gọ́tà tiwa kún fún ọ́ìlì ọkọ̀ àti omi ọṣẹ. Ẹ̀fọn tó bá lè dàgbà nínú ìyẹn, ṣé ohun kan náà kọ́ ló ń jẹ́ kí oògùn inú nẹ́ẹ̀tì má ràn án mọ́? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n ní, "Ẹ̀fọn tó ń gba owó lọ́wọ́ mi yìí? Máa lọ, jàre."

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ibi tí wọ́n ti lè dáhùn rẹ̀. NIMR wà ní Yábàá níbí. Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ni wọ́n ti ka àkójọ àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà ní March 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sílé, tí mo tún kọ sókè òkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra, kẹ́ ẹ tó sáré transcript, kẹ́ ẹ tó bẹ olùkọ́ fún lẹ́tà, ẹ kọ ìbéèrè yín sí gbólóhùn kan tí ìyá ọlọ́jà máa gbọ́ yé. Tí kò bá yé wọn, ó ṣeé ṣe kó máà tíì yé ẹ̀yin náà.